Erin Abìyẹ́ tí ó Kọjá lórí Ọ̀sà

Bí ọmọ Ẹ̀pẹ́ tàbí ọmọ Ìkòròdú bá dúró ní etí ọ̀sà ní ìrọ̀lẹ́, tí ó sì gbé ojú sókè, kì í pẹ́ tí yóò fi rí ọkọ̀ òfurufú tí ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí Ìkejà, tí iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú bí ìràwọ̀. Àwọn ọmọdé a máa juwọ́ sí i. N kò mọ̀ bóyá ó wá sí ọkàn ẹnìkan nínú wọn rí láti béèrè pé ta ni ń san owó rẹ̀. Ìbéèrè náà dàbí ìbéèrè ahun, ṣùgbọ́n nítorí pé àwọn àgbàlagbà kọ̀ láti bi ara wọn ní i ni ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú tí ìjọba ilẹ̀ wa dá sílẹ̀ fi wó lulẹ̀, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ sì fi jókòó láìrí owó ìfẹ̀yìntì wọn gbà fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìtàn náà ni mo fẹ́ sọ.

Àwa ará etí ọ̀sà kì í ṣe àlejò nínú ọ̀ràn owó ọkọ̀. Ní ayé àwọn baba ńlá wa, ọjà Ejìnrìn, tí ó wà ní ìhà òkè ọ̀sà láàárín Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọjà tí ó lókìkí jù lọ ní gbogbo ẹkùn yìí. Àwọn ará Èkó a kó iyọ̀, aṣọ àti àwọn ọjà òkè òkun sínú ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ lọ síbẹ̀. Àwọn Ìjẹ̀bú a sì kó epo pupa, èkùrọ́ àti oúnjẹ wá pàdé wọn. Ẹ fi ojú inú wo ẹni tí ó ni ọkọ̀ kan ní ọjọ́ wọnnì. Ó ti san owó ọkọ̀ fún agbẹ́kọ̀. Ó ní láti bọ́ àwọn tí ń wa ọkọ̀ náà, yálà ẹrù kún inú rẹ̀ tàbí kò kún. Ó sì ní láti san owó èbúté fún ẹni tí ó ni èbúté. Nítorí náà ni ó ṣe ń dúró tí ó ń kígbe pe èrò títí oòrùn fi ń yí, tí àwọn tí ó ti jókòó sínú ọkọ̀ ń kùn sí i. Kì í ṣe ìwà ìkà ni. Ó mọ̀ pé àyè tí ó ṣófo nígbà tí ọkọ̀ bá ti ṣí kúrò ní èbúté, kò sí ẹni tí yóò tún rí i tà mọ́ láéláé. Ẹja tí ó bàjẹ́ pàápàá ṣe é da sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àyè òfo kò ṣe é lò fún ohunkóhun.

Ní ọdún 1901 ni ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn, púpọ̀ nínú ọjà tí ìbá gba orí omi sì bá ọkọ̀ ojú irin lọ. Nígbà tí mọ́tò dé, Ìkòròdú rí ànfàní tirẹ̀, nítorí níbẹ̀ ni àwọn lọ́rì láti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Ìbàdàn ti ń já ẹrù, kí ọkọ̀ omi tó gbé e kọjá sí Èkó. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀nà mọ́tò wọ Èkó tààrà, iṣẹ́ náà rọ̀. Kò sí ẹni tí ó gégùn-ún fún Ejìnrìn tàbí fún àwọn ọlọ́kọ̀ Ìkòròdú. Ọ̀nà tí ó yá jù, tí owó rẹ̀ sì dínkù jù, ni èrò bá lọ.

Ẹ jẹ́ kí a gbé ojú kúrò lórí omi wàyí kí a wo òkè. Ní ọdún 1946, nígbà tí ogun Hitler ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, ilẹ̀ mẹ́rin tí ó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, èyí ni Nàìjíríà, Gold Coast, Sàró àti Gáńbíà, para pọ̀ dá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kan sílẹ̀ tí a ń pè ní West African Airways Corporation, tàbí WAAC ní ìkékúrú. Ọdún 1947 ni ọkọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fò. Ọgbọ́n wà nínú àpapọ̀ náà. Ilé àtúnṣe kan ni yóò sìn gbogbo wọn. Ìwọ̀n ẹ̀yà ọkọ̀ tí a ń kó pamọ́ de ọjọ́ ìbàjẹ́ kò ní pọ̀ jù. Gáńbíà kékeré tí kò lè dá ọkọ̀ kan rà yóò sì rí i wọ̀. Ṣùgbọ́n Gold Coast gba òmìnira ní 1957, ó di Gáná, nígbà tí ó sì di ọdún kejì ó dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. A kò lè bá Gáná wí, nítorí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira a fẹ́ kí ayé rí orúkọ òun lára ọkọ̀ òun. Síbẹ̀, owó tí ẹni mẹ́rin ti ń pín san rí di èyí tí olúkúlùkù bẹ̀rẹ̀ sí dá san.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹwàá 1958, Nàìjíríà gba èyí tí ó kù. Ìjọba ní ìpín 51 nínú 100. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òkun Elder Dempster àti BOAC ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó pín ìyókù. Ní 1961 ìjọba ra ìpín àwọn méjèèjì, ó sì di aládàáni. Ní 1971 orúkọ rẹ̀ wá di Nigeria Airways. Àmì tí wọ́n yà sí ara ọkọ̀ ni erin tí ó ní ìyẹ́. Ó ti ń yà mí lẹ́nu tipẹ́ pé nínú gbogbo ẹranko tí Ọlọ́run dá, èyí tí ó wúwo jù lórí ilẹ̀, tí oúnjẹ rẹ̀ sì pọ̀ jù, ni wọ́n yàn láti fò.

Nígbà tí owó epo rọ̀bì ń ṣàn ní àwọn ọdún 1970, erin náà sanra. Wọ́n ra DC-10 ní 1976. Wọ́n ní Boeing 707, 727 àti 737. Wọ́n ní Fokker fún ìrìn àjò inú ilé. Lẹ́yìn náà wọ́n tún ra Airbus. Lójú ẹni tí ń wò láti ìsàlẹ̀, ọlá ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹnikẹ́ni tí ó bá ní lọ́rì mẹ́ta tí ọ̀kan kò jọ èkejì. Ẹ̀yà èyí kò wọ èyíinì. Ẹni tí ó mọ èyí í tún ṣe kò mọ èyíinì. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́ ní ilẹ̀ òkèèrè, a kò lè yọ ẹ̀yà lára èkejì fún un. Ní 1979 ìjọba pe àwọn ará Holland, àwọn KLM, pé kí wọ́n wá bá wọn tún ilé-iṣẹ́ náà tò. Wọ́n lo ọdún méjì, wọ́n sì padà sí ilé wọn. Èyí ni àtúntò àkọ́kọ́ tí òkìkí rẹ̀ kàn. Kò ṣe ìkẹyìn.

Ohun tí ó ń jẹ erin náà nínú kì í ṣe àìsí èrò. Èrò pọ̀. Ẹni tí ó bá rántí ibùdókọ̀ òfurufú Ìkejà ní àwọn ọdún wọnnì yóò rántí bí àwọn ènìyàn ti ń sáré lórí ilẹ̀ gbígbóná lọ síbi àtẹ̀gùn ọkọ̀, nítorí pé ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé ni yóò rí àyè. Ohun méjì ni ó jẹ ẹ́. Èkíní ni pé àwọn ènìyàn ńlá inú ìjọba, àti àwọn ìbátan wọn, ń wọ ọkọ̀ láìsanwó, tàbí kí wọ́n wọ̀ ọ́ ní àwìn tí a kì í san. Ìjọba ni ó ni ọkọ̀. Ta ni yóò dúró ní ẹnu ọ̀nà tí yóò sọ fún ọ̀gá pé kí ó mú owó wá? Ìjọba kan náà ni ó sì ní àṣẹ lórí iye tí a ó gbà lọ́wọ́ ará ìlú, kò sì fẹ́ kí inú bí wọn. Bí ọlọ́kọ̀ Ejìnrìn bá ń gbé baálẹ̀, àwọn olóyè àti gbogbo ilé wọn lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọjọ́ ọjà gbogbo, ìgbà wo ni yóò rí owó ra àjẹ̀?

Èkejì ṣòro fún ọmọdé láti rí, nítorí náà kí olùkọ́ jọ̀wọ́ kọ ọ́ sí ojú pátákó. Náírà ni èrò ń san. Ṣùgbọ́n dọ́là ni a fi ń ra ọkọ̀, dọ́là ni a fi ń ra ẹ̀yà rẹ̀, dọ́là ni a fi ń san owó àyẹ̀wò ńlá tí òfin pa láṣẹ, èyí tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ lọ ṣe ní òkè òkun. Ẹ jẹ́ kí a mú ẹ̀yà kan tí owó rẹ̀ jẹ́ dọ́là 10,000. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, nígbà tí náírà kan ju dọ́là kan lọ, iye rẹ̀ kò tó náírà 10,000. Ní oṣù Kẹsàn-án 1986 ìjọba tú ọjà owó òkèèrè sílẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, dọ́là kan ti lé ní náírà mẹ́ta, ẹ̀yà kan náà sì ti lé ní náírà 30,000. Ní 1999, tí dọ́là kan lé ní náírà 90, ó ti lé ní 900,000. Ní 2024 tí dọ́là kan dé nǹkan bí náírà 1,500, ó di mílíọ̀nù 15. Ẹ̀yà náà kò tóbi sí i, bẹ́ẹ̀ ni irin tí a fi ṣe é kò yí padà. Owó tí a fi ń rà á ni ó rù. Ilé-iṣẹ́ wo ni yóò wá fi ìlọ́po bẹ́ẹ̀ kún owó ọkọ̀ tí èrò yóò sì dúró?

Bí erin náà ti ń rù, ìjọba gba àwọn ọlọ́rọ̀ láyè láti dá ilé-iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀. Okada Air bẹ̀rẹ̀ ní 1983, wọ́n dá ADC sílẹ̀ ní 1984, àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé wọn. Púpọ̀ nínú wọn ra ọkọ̀ àlòkù tí àwọn ará òkè òkun ti fẹ́ pa tì. Owó tí wọ́n fi rà á kéré, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ó gbó a máa mu epo bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, a sì máa béèrè àtúnṣe lójoojúmọ́. Ní 2002, lẹ́yìn tí ọ̀kan já sí àárín ilé àwọn ènìyàn ní Kánò, ìjọba fi òfin de àwọn ọkọ̀ tí ọjọ́ orí wọn ti ju ọdún 22 lọ.

Ibí yìí ni ìtàn náà ti padà wá sí ilẹ̀ wa. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá 1996, ọkọ̀ Boeing 727 ti ADC ń ti Port Harcourt bọ̀ wá sí Èkó. Ó súnmọ́ ọkọ̀ mìíràn ní òfurufú jù. Atukọ̀ yí i kíákíá láti yẹra, ọkọ̀ sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó já sínú ọ̀sà ní Ejìnrìn. Ó lé ní 140 ènìyàn tí ó wà nínú rẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n olókìkí nì, Claude Ake, sì wà lára wọn. Ẹnìkan kò yè. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé mo ní owó ni ó pa wọ́n, nítorí ìtọ́sọ́nà ojú òfurufú ni àwọn olùwádìí tọ́ka sí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni orúkọ Ejìnrìn, tí a ti ń dá pẹ̀lú ọjà àti èrè láti ayé àwọn baba wa, ti di orúkọ tí àwọn ẹlòmíràn ń fi omijé dá.

Nígbà tí ọkọ̀ mìíràn tún já ní 2005 àti 2006, ìjọba pàṣẹ pé ilé-iṣẹ́ tí yóò bá máa fò nínú ilé gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ní 500 mílíọ̀nù náírà lọ́wọ́, èyí tí yóò máa lọ òkè òkun yóò sì fi bílíọ̀nù méjì hàn, kí ó tó di ìparí oṣù Kẹrin 2007. Àwọn kan kò lè ṣe é, wọ́n sì kógbá wọlé. Mo rò pé àṣẹ náà dára. Ọkùnrin inú òwe Olúwa wa tí ó bẹ̀rẹ̀ ilé ìṣọ́ láìṣírò, ẹ̀rín nìkan ni wọ́n fi í rín. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbé èrò sókè láìṣírò, ọ̀ràn rẹ̀ kọjá ẹ̀rín.

Nígbà náà, erin abìyẹ́ ti kú. Ní 1997 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti dí ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù mọ́ ọn nítorí pé àyà wọn kò balẹ̀ lórí bí ó ti ń tọ́jú ọkọ̀, ọ̀nà náà ni ó sì ń mówó wọlé jù. Ní 2003 ìjọba Obásanjọ́ dáwọ́ rẹ̀ dúró, wọ́n sì yan àwọn tí yóò ta ohun ìní rẹ̀. Bí erin bá kú, onírúurú ọ̀bẹ ni à ń rí. Àwọn ilé rẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ àti àyè tí ó ní láti bà sí ní àwọn ìlú ńlá ayé, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń gé.

Wọ́n fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Virgin Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí fò ní 2005, ilé-iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, Virgin Atlantic, sì ní ìpín 49 nínú 100. Kò pẹ́ tí èdèkòyédè dé. Ní 2010 ó di Air Nigeria. Ní 2012 ó dákẹ́. Arik, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2006 tí ó sì di èyí tí ó tóbi jù ní ilẹ̀ wa, bọ́ sí ọwọ́ AMCON ní oṣù Kejì 2017, èyíinì ni àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ láti gba gbèsè tí ó ti dilẹ̀ ní bánkì. Aero, tí ó ti wà láti 1959, bọ́ sí ọwọ́ àjọ kan náà. Ní 2016 ó dá ọkọ̀ dúró fún oṣù mélòó kan, ní ọdún kejì ó sì dá èyí tí ó ju ìdajì òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ dúró. Wọ́n yí orúkọ padà, wọ́n yí ọ̀gá padà, wọ́n tún ọkọ̀ kùn, ṣùgbọ́n ní náírà ni wọ́n ṣì ń gbowó, ní dọ́là ni wọ́n ṣì ń sanwó.

Epo nìkan a máa gba ìdá kan nínú mẹ́ta owó tí wọ́n ń ná, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù Karùn-ún 2022 lítà kan dé nǹkan bí 700 náírà, àwọn ọlọ́kọ̀ òfurufú sì kéde pé láti ọjọ́ 9 oṣù náà àwọn yóò dáwọ́ dúró pátápátá. Ẹ̀bẹ̀ ni a fi mú wọn yí ọkàn padà. Ilẹ̀ wa ni epo rọ̀bì ti ń jáde, ṣùgbọ́n ní ìgbà náà òkè òkun ni a ti ń ra èyí tí ọkọ̀ òfurufú ń mu. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2024, ilé ìfọpo ńlá ti Dangote ní Ìbẹ́jú-Lẹ́kí, tí kò jìnnà sí wa ní Ẹ̀pẹ́ níhìn-ín, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, epo ọkọ̀ òfurufú sì wà lára ohun tí ó kọ́kọ́ ṣe jáde. Inú mi dùn sí i. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó náà ti ń gbèrò láti ọdún púpọ̀ wá láti kọ́ ibùdókọ̀ òfurufú kan sí apá Lẹ́kí àti Ẹ̀pẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ wa ń retí iṣẹ́ níbẹ̀, n kò sì dá wọn lẹ́kun. Mo kàn ń fẹ́ kí wọ́n mọ ohun tí ó dé bá àwọn tí ó ṣiṣẹ́ ṣáájú wọn.

Nítorí mo mọ̀ọ́mọ̀ fi àwọn wọ̀nyí sí ẹ̀yìn. Nígbà tí Nigeria Airways kú ní 2003, ó ní àwọn atukọ̀, àwọn tí ń tún ẹ̀rọ ṣe, àwọn akọ̀wé, àwọn asè-oúnjẹ àti àwọn tí ń gbá ilẹ̀, àwọn mìíràn nínú wọn sì ti sìn ín fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀. Àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, ni àwọn baba wa wí. Ṣùgbọ́n níhìn-ín, àwọn tí ó ru igbá kọ́ ni ó jẹun. Àwọn tí ó wọ ọkọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ti sọ̀kalẹ̀, wọ́n ti lọ. Ìjọba kan fi ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì wọn lé ìjọba kejì lọ́wọ́. Wọ́n kọ ìwé, wọ́n gbé pátákó káàkiri. Ní 2018 ni ìjọba Buhari gbà pé gbèsè náà jẹ́ bílíọ̀nù 45 náírà, ó sì yọ̀ǹda bílíọ̀nù 22 ó lé díẹ̀, tí í ṣe ìdajì rẹ̀, láti kọ́kọ́ san. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà a pè wọ́n fún àyẹ̀wò. Àwọn arúgbó dé pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́ àti ìwé ìgbanisíṣẹ́ tí ó ti pọ́n nínú ọ̀rá. Fún àwọn tí ó ti kú, opó wọn tàbí ọmọ wọn ni ó tò dípò wọn, tí wọ́n di ìwé ẹ̀rí ikú mú.